Ihò Méje Lára Ẹ̀dá Inú Ìgò Kọkànlá

                                        Yàrá Ìgò,
                                        Ìsàlẹ̀ Ilé Ẹ̀kọ́ nípa Ẹranko.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù keje.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú àìrí ara wa, ẹ sì kú ìtọ́jú ojú. Ṣé ara ti le dáadáa? Ṣé orúnkún òsì yẹn ti dẹwọ́, àbí ó ṣì ń sọ fún yín pé òjò máa rọ̀ kí òjò fúnra rẹ̀ tó mọ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ ọmọ yín ńkọ́, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí ẹ bá bi í ní nǹkan? Mo gbà á ládùúrà pé gbogbo wọn wà ní àlàáfíà. Àwa náà dúpẹ́ níbí. Baálé mi ń kí yín. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà, ó wá sọ ilé di ibi iṣẹ́: gbogbo ohun tí mo bá gbé kalẹ̀ ló ń gbé kúrò níbẹ̀, tí mo bá sì béèrè, á ní òun ń ṣètò ni.

Ọmọ yín obìnrin sọ fún mi pé wọ́n ti ṣí bándéèjì kúrò lójú tí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ sí, àti pé ẹ ti ń fúnra yín ka ìwé ìròyìn, àní ẹ ti ń fi pẹ́ńsù fa ilà sábẹ́ àṣìṣe wọn. Inú mi dùn gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n tẹ̀ yín láago. Ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ gùn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kà á. Tí ẹnì kan bá jókòó tì yín báyìí, ẹ ká a sápò títí ẹ ó fi dá wà.

Yàrá wa ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Òórùn sípíríìtì ṣì ń pàdé èèyàn lórí àtẹ̀gùn. Kànìnkànìn òkun ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀dá yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ tí í tani bí agbọ́n tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà aran àti ekòló, ìgbín àti àwọn ìbátan rẹ̀, alákàn, àkekèé, tata, títí dé orí ìràwọ̀ òkun tí apá rẹ̀ kan ti já. Fèrèsé ṣì ni ààlà. Àwọn tí kò ní eegun ẹ̀yìn wà lápá ọ̀tún rẹ̀, àwọn tó ní in wà lápá òsì. Orí igi fèrèsé gan-an ni àwọn tí ẹ máa ń pè ní aláàárín wà, àwọn tí kò ní eegun ẹ̀yìn rárá, ṣùgbọ́n tí ọ̀pá kan tó le, tí kì í ṣe eegun, gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Ti àwọn kan máa ń wà títí ọjọ́ ikú, ti àwọn mìíràn kì í kọjá ìgbà èwe.

Mo ṣì ń sọ ti Àpò Omi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́. Nígbà tó bá wà ní kékeré, ó ní ìrù, ó ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ó ní ọpọlọ díẹ̀, ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Ọjọ́ tó bá rí òkúta tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi orí lẹ̀ mọ́ ọn, ìrù á yọ́, ọ̀pá ẹ̀yìn á yọ́, ọpọlọ náà á yọ́ dànù, á wá di àpò tó ń fa omi wọlé tó ń tú u síta. Ẹ máa ń ní àbúrò ọkọ mi nìyẹn látìgbà tó ti ní àga onítìmùtìmù. Ó ṣì wà lórí àga náà, ó ní kí n bá òun kí yín.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ̀wé wà lórí igi fèrèsé yẹn kan náà. Ọ̀rọ̀ Ṣóńṣó ni.

Ẹ ò lè gbàgbé Ṣóńṣó, ẹ̀dá funfun tó gùn tó ìka ọwọ́, tó rí ṣóńṣó níwájú tó rí ṣóńṣó lẹ́yìn, tí kò ní agbárí, tí kò ní ojú gidi, ṣùgbọ́n tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ gùn láti imú dé ìrù. Ẹ ò sì lè gbàgbé ọmọ Afẹnufàjẹ̀. Afẹnufàjẹ̀ tó ti dàgbà kò ṣòroó mọ̀: ẹja gígùn tí kò ní párì, tí ẹnu rẹ̀ rí roboto bí ọmọrí ìgò, eyín yí i ká, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹja mìíràn lára láti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun la kọ́kọ́ ń bá tí a bá ti kọjá fèrèsé sápá òsì, torí pé ó ní agbárí, ó sì ti ní ìbẹ̀rẹ̀ eegun ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rírọ̀ ni, bíi ti inú etí wa. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò jọ ọ́. Inú ẹrẹ̀ odò ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà fún ọdún bíi mélòó kan, kò ní eyín, awọ bo ojú rẹ̀, ó kàn ń sẹ́ oúnjẹ wẹ́wẹ́ láti inú omi bí Ṣóńṣó ṣe ń ṣe. Tí a bá tẹ́ àwọn méjèèjì sórí àwo kan, ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ wọn á ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí ikán jẹ pẹpẹ ìsàlẹ̀ fèrèsé. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn a fi í ṣe ẹ̀rín pé àwọn tí kò ní eegun ẹ̀yìn ló ṣẹ́ eegun ẹ̀yìn pẹpẹ, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa. Ìgò mẹ́tàlélógún ló fọ́. Èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà níbẹ̀, a ń fi ẹ̀mú ṣa àwọn ẹ̀dá náà láàárín àfọ́kù. Àwọn ìwé pélébé inú wọn, tí ẹ fọwọ́ ara yín fi pẹ́ńsù kọ torí pé sípíríìtì máa ń fọ ínkì dànù, ti bá omi ṣàn lọ kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn ńlá kò yọ wá lẹ́nu. Ta ni kò mọ alákàn? Ó wá ku àwọn méjì tó gùn tó ìka. Ẹ wò wọ́n, èmi náà wò wọ́n. Mo ní ká lọ gbé awò tó ń sọ kékeré di ńlá wá. Ẹ ní inú yàrá ọ̀gá ni awò wà, ọ̀gá á sì béèrè ohun tí a fẹ́ fi wò. Ọ̀gá ìgbà yẹn nìyẹn, tó lé ọkùnrin tó ń fọ ìgò kúrò níṣẹ́ torí ìgò ẹyọ kan. Ẹ wá mú ọ̀kan sínú ìgò kọkànlá pẹ̀lú ìwé pélébé Ṣóńṣó, ẹ mú èkejì sínú ìkejìlá pẹ̀lú ti ọmọ Afẹnufàjẹ̀, ẹ ní, “Wọ́n jọra. Ta ló máa wò ó débẹ̀?” A kò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá yàrá pé ohunkóhun fọ́. A kó àfọ́kù dànù, a tẹ́ pákó tuntun, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀.

N kò dá yín lẹ́bi. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì ní ẹnu.

Láti ìgbà náà, ìgò kọkànlá kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó dúró lójú fèrèsé. Tó bá ti di ìdánwò, àwọn Ṣóńṣó mẹ́rin inú ìgò kékeré tó wà nínú dúrọ́ọ̀ la máa ń lò, a ó kàn lẹ nọ́ńbà kọkànlá mọ́ ọn lára. Lọ́dún yìí, nígbà tó ku ọ̀la kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo rí i pé ọmọrí ìgò kékeré náà ti sán. Sípíríìtì ti fẹ́ lọ, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbẹ bí èèpo àlùbọ́sà. Mo gbé ìgò kọkànlá kúrò lójú fèrèsé, mo fi bébà bo orúkọ ara rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò rántí rárá. Ojoojúmọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ń rí orúkọ Ṣóńṣó lára ìgò yẹn, mo ti gbà pé òun ni.

Ẹ mọ bí ìdánwò náà ṣe rí. Ìgò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí tábìlì, ìṣẹ́jú mẹ́ta nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá lu aago, wọ́n á sún. Kí ni ẹ̀dá yìí? Agbo wo ló wà? Kí lo rí lára rẹ̀ tó jẹ́ kó o mọ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wọlé. Ohun tí ẹ lè má mọ̀ ni pé wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń fà lé ara wọn lọ́wọ́ lọ́dọọdún, nọ́ńbà gbogbo ìgò wa wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn. Nọ́ńbà ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ẹ̀dá. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú wọn kọ orúkọ tí ìwé ń pe Ṣóńṣó, wọ́n kọ ọ́ pé kò ní agbárí, kò ní eegun ẹ̀yìn. Ẹnì kan ṣoṣo kọ ọ́ pé ọmọ Afẹnufàjẹ̀ ni, pé ó ní orí, pé ihò méje wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún un ní òdo.

Aránṣọ ni obìnrin náà. Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọdún márùndínlógójì, àwọn ọmọ tó kù ń pè é ní Ìyá Kíláàsì, òun ló sì ń bá wọn gán aṣọ wọn tó bá ya. Ó fẹ́ di olùkọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti ṣèlérí àyè fún un tó bá ti ní ìwé ẹ̀rí. Ó ti já nínú ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún tó bímọ, òfin ibí kò sì gbà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, máàkì méjì péré ló fi já. Máàkì mẹ́fà ló wà lórí ìgò kọkànlá.

Kò wá jà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kan ilẹ̀kùn yàrá, ó kí mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n tún ìgò kọkànlá wò. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣìnà, kí n má baà lọ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.” Mo gbé e fún un. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yọ abẹ́rẹ́ kan níbi kọ́là aṣọ rẹ̀, ó ń fi ṣóńṣó orí abẹ́rẹ́ náà tọ ara ìgò bí ẹni tó ń ka ojú rírán. Ó kà á dé méje. Ó tún un kà. Ó ní, “Mi ò mọ̀ mà. Bóyá ojú mi ni.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo jókòó sórí àpótí yín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n ìdọ̀tí, mo ń wo ìgò náà. Lẹ́yìn náà mo gbé awò, ó ti wà nínú yàrá wa báyìí, mo fi wò ó. Ihò méje ló wà lápá kan, méje lápá kejì, wọ́n tò tẹ̀léra wọn gbọọrọ bí ihò fèrè. Mo rí ojú rẹ̀ lábẹ́ awọ, dúdú tíntín. Mo mú ti ìgò kejìlá, tí a kọ ọmọ Afẹnufàjẹ̀ sí lára. Kò ní ojú, kò ní ihò kankan lóde, Ṣóńṣó pọ́ńbélé ni. Àwọn àgbà ní tí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tiwa kò tiẹ̀ pé ogún.

Mo rò ó títí. Oṣù mẹ́jọ ló kù kí n fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹ̀sùn kankan nínú fáìlì mi. Ti ẹ̀yin náà wà níbẹ̀: àwòrán yín ṣì wà lára ògiri, wọ́n kọ “Ọ̀gá Ìgò” sábẹ́ rẹ̀, gbogbo olùkọ́ tuntun ni wọ́n ń sọ fún pé ẹ ò ṣàṣìṣe rí. Mo gbé fóònù láti pè yín, mo tún gbé e sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ìdí rẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá bi yín, ẹ ó ní kí n dákẹ́, n kò sì ní lè kọ̀ fún yín, torí ẹ̀yin lẹ mú mi wọ iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Torí náà n kò bi yín. Mo kọ́kọ́ ṣe é, mo wá ń sọ ọ́ fún yín báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí fún èyí nìkan. N kò tọrọ ìdáríjì fún ìyókù.

Mo gbé ìgò méjèèjì lọ bá olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ yìí àti ìdánwò rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ikán dé orí dúrọ́ọ̀. Ó wo inú awò, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó ní òun náà jẹ̀bi, ìwé ìdáhùn tí ọ̀gá àtijọ́ fi sílẹ̀ ni òun fi ṣe máàkì, òun kò wo ìgò náà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní láàárín gbogbo wa nínú ilé yìí, aránṣọ nìkan ló wo ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ó tún sọ ohun kan tó máa pa yín lẹ́rìn-ín, tàbí kó bí yín nínú. Ó ní bí a ṣe to pẹpẹ wa láti ẹnu ọ̀nà dé òpin ń tan àwọn ọmọ jẹ, wọ́n ń rò pé ẹni ẹnu ọ̀nà ló bí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bí ẹnì kejì níbẹ̀, ìbátan ni gbogbo wọn, àwọn baba ńlá tó pa wọ́n pọ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́. Ó ní àwọn tó ń wo ohun inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ti rí i pé Àpò Omi sún mọ́ wa ju Ṣóńṣó lọ. Ṣóńṣó tó jọ ẹja kò sún mọ́ wa tó Àpò Omi tí kò jọ nǹkan kan. Mo ní kò burú, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí ọkọ mi ni.

Ìgbìmọ̀ ìdánwò jókòó ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n fi àwọn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sílẹ̀ pẹ̀lú máàkì wọn, wọ́n ní ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n láti ọdún tó ń bọ̀, gbogbo ìgbà tí ìdánwò bá wà ni nọ́ńbà ìgò yóò máa yí padà. Wọ́n fún aránṣọ ní máàkì mẹ́fà rẹ̀. Ó yege. Ó wá sí yàrá láti sọ fún mi, bí ẹni pé n kò gbọ́, ó sì sunkún díẹ̀, ó fi kọ́là aṣọ rẹ̀ nu ojú, ó gbàgbé pé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò gún un. A rẹ́rìn-ín.

Èmi gba ìwé ìkìlọ̀. Ó ti wọ fáìlì mi, èkíní àti ìkẹyìn. Wọ́n ní kí n fọwọ́ mi kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ńlá yàrá, ní ojú ewé ọdún náà, kí n sì fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́. Wọ́n béèrè ẹni tó wà pẹ̀lú mi. Mo ní ẹni náà yóò dáhùn fúnra rẹ̀ tó bá wù ú. Olùkọ́ gbé ojú sókè wo àwòrán yín lára ògiri.

Ẹ rántí òfin tí ẹ kọ́kọ́ kọ́ mi níbí, kí ẹ tó fi ìgò kankan lé mi lọ́wọ́: a kì í yọ ìwé pélébé àtijọ́ kúrò nínú ìgò, kódà kó jẹ́ àṣìṣe ló wà lára rẹ̀. Tuntun la ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó rí àṣìṣe náà àti ọjọ́ tó rí i, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Tiyín ṣì wà nínú ìgò kọkànlá, lẹ́tà rẹ̀ dúró gírígírí bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́. Ti aránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ẹ bá mi kí ọmọ yín àti ọkọ rẹ̀ tó dákẹ́, ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ-ọmọ mọ́ra. Ẹ má fi ojú tuntun yẹn ṣòfò sórí ìwé ìròyìn nìkan. Baálé mi ní kí n fi ìkíni tòun sí i lẹ́ẹ̀kejì, torí pé ó ti gbé àkọ́kọ́ kúrò níbi tí mo kọ ọ́ sí.

Ẹ wo inú àpòòwé yìí dáadáa kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Ìwé pélébé kan wà nínú rẹ̀, mo ti gé e bí ìwọ̀n ẹnu ìgò, irú bébà tó ń gba pẹ́ńsù ni. N kò kọ nǹkan kan sí i. Àyè ṣì wà láàárín méjì tó wà nínú ìgò kọkànlá. N kò tíì fi ìda dí ẹnu ìgò náà, sípíríìtì sì ń fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi pẹ́ńsù lé lọ́wọ́,
                                        Ìyá Oníìgò.